Bí wọ́n ṣe fi rọ́bà so jẹ̀díjẹ̀dí mi

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kún o. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Kàbà, láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo sì máa ń jókòó nídìí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kẹta ni kókó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìdí mi bí mo bá lọ yàgbẹ́. Ó kọ́kọ́ máa ń padà wọlé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àfi bí mo bá fi ìka tì í padà, ẹ̀jẹ̀ pupa yòò a sì máa kán sílẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ní ṣúgà ni mò ń jẹ jù. Mo pa ṣúgà tì, mo mu àgbo jẹ̀dí tó ń mú mi ṣu gbuuru, kókó náà kò lọ. Ẹnì kan ta ìyẹ̀fun kan fún mi pé yóò gé e kúrò. Ńṣe ló bó mi lára, tí n kò sì lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó ń jóni sí yín níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja. Dókítà kọ́kọ́ yẹ inú ìfun mi wò, nítorí ó sọ pé jẹjẹrẹ pẹ̀lú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde láti ìdí. Ó wá ṣàlàyé pé ipele mẹ́rin ni jẹ̀díjẹ̀dí ní, pé èyí tí a ń fi ọwọ́ tì padà bíi tèmi ni ipele kẹta, àti pé èyí tí kò wọlé mọ́ rárá ni ìkẹrin, tí iṣẹ́ abẹ sábà máa ń yẹ fún. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú kókó náà, ó ní ipele kìíní àti ìkejì ló dára fún jù.

Rọ́bà kékeré kan ló so mọ́ gbòǹgbò kókó náà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ara kì í ti mọ ìrora, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dé ibẹ̀ mọ́. N kò gba abẹ́rẹ́ oorun. Ó kàn wúwo nínú mi bíi pé mo fẹ́ yàgbẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹjọ ó gbẹ, ó já, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà síra. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bí ibà bá mú mi, bí n kò bá lè tọ̀, tàbí bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, kí n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó padà wá.

Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ni mò ń jẹ nísinsìnyí, mo sì ń mu omi dáadáa. N kì í tiraka nílé ìgbẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń dìde nídìí ẹ̀rọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọdún kan tí ìka mi ti tì í wọlé kẹ́yìn.