Ìlà méjì hàn, ọ̀kan ti ń parẹ́: ṣé oyún ni àbí abẹ́rẹ́?

Àdùnní_Ìbàdàn:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kẹta rèé tá a ti ń wojú Olúwa. Lóṣù yìí mo lo Clomid 50 mg, oògùn tó ń mú ẹyin dàgbà, láti ọjọ́ kejì nǹkan oṣù dé ọjọ́ kẹfà. Nígbà tí skáànì fi hàn pé ẹyin ti tó, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ hCG 5,000 IU kí ẹyin lè jáde. Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ki progesterone 400 mg, oògùn tó ń gbé oyún ró, sójú ara, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ara mi ò gbà á. Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn abẹ́rẹ́, mo tọ̀ sínú ife, mo ti strip àyẹ̀wò oyún bọ̀ ọ́. Ìlà méjì! Mo jí ọkọ mi, òun náà ò lè pa á mọ́ra, ó pe ìyá ẹ̀. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́wàá, ìlà kejì ti ṣá débi pé ojú fèrèsé ni mo ti ń wá a. Àmọ́ ọmú ń ro mí, oorun ń kùn mí, ara mi sì ń gbóná díẹ̀. Ṣé oyún ti ń bàjẹ́ ni? Ṣé kí n dá progesterone dúró?

Ìyá_Ìbejì:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. hCG ni èròjà tí ara máa ń ṣe nígbà oyún; èyí tí wọ́n gún fún ẹ yẹn gan-an ni strip ń rí. Ká gún ọkọ ẹ náà, ìlà méjì ni yóò rí! Ó lè tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó kúrò lára. Abẹ́rẹ́ ló ń lọ, kì í ṣe ọmọ. Lásìkò tèmi, owó strip fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ọbẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ìyàwó wa, má dá a dúró fúnra ẹ o. Progesterone ló ń fa ọmú ríro, oorun àti ara gbígbóná yẹn, oyún wà o, kò sí o. Ó tún lè dá nǹkan oṣù dúró, nítorí náà má fi ìyẹn náà ṣe àmì. Tó bá pé ọjọ́ 14, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá rí nǹkan, tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48. Tó bá jẹ́ oyún ni, iye hCG inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Tí inú bá wú gan-an, tí èémí ò já geere, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan bá ń dùn ẹ́ burúkú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àdùnní_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́bọ̀ ló máa pé ọjọ́ 14. Ìyá ọkọ mi ti fi ẹja àrọ̀ méjì ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́, ó ní kí n fi se ọbẹ̀ fún “ọmọ òun”. Wọ́n wà nínú fìríìjì, mi ò tíì lè fọwọ́ kàn wọ́n.