Bẹ́ẹ̀dì àwọn ìbejì mi: mo fẹ́ so méjì pọ̀ di ọ̀kan, àmọ́ mi ò fẹ́ bà wọ́n jẹ́

Ìyá Ìbejì Ọjọ́ọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Tí mi ò bá rò ó délẹ̀, ẹ ó kàn ní kí n lọ ra tuntun ni, owó tuntun ò sì sí lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀dì pákó méjì ló wà nílé mi, síìsì-báì-tírì ni méjèèjì. Káfíńtà kan ní Ṣáńgo ló kàn wọ́n lọ́jọ́ kan náà ní 2014 fún Táyé àti Kẹ́hìndé. Pákó kan náà, pọ́líìṣì kan náà, kí ẹ̀gbọ́n má baà ní tàbúrò dáa ju tòun lọ. Àwọn méjèèjì ti lọ di àgùnbánirọ̀ báyìí, ọ̀kan ní Kébbí, ọ̀kan ní Oǹdó. Yàrá wọn ṣófo, aṣọ tí mo bá ká lórí okùn ni mò ń kó jọ síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, màmá mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì ti fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n máa rí dókítà ní UCH. Wọ́n á lò tó oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Màmá mi kì í dá sùn. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n fẹ́ kẹ́nìkan wà níbi tí wọ́n lè nawọ́ kàn, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ dìde lóru. Èmi ni mo máa sùn tì wọ́n. Síìsì-báì-tírì kan ò lè gba àwa méjèèjì. Ẹni tó bá ti rí mi rí ò ní bi mí pé kí ló dé.

Ni mo bá ti bẹ́ẹ̀dì méjèèjì pọ̀ ní Sátidé, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dṣíìtì lé e, ó wuyì lójú. Mo sùn sáàárín gan-an láti dán an wò. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo bára mi nínú kòtò. Fóòmù kan lápá ọ̀tún, fóòmù kan lápá òsì, apá mi kan ti ń kanlẹ̀. Táìsì ni ilẹ̀ yàrá náà, bẹ́ẹ̀dì Táyé ti rìn lọ sídìí fèrèsé. Ká ní màmá mi ló sùn síbẹ̀ ńkọ́?

Ó tún ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀dì Kẹ́hìndé fi íǹṣì kan kúrú ju ti Táyé lọ. Páànù yàrá yẹn jò lọ́dún kan, omi dúró sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹrà, a wá gé ibi tó jẹrà kúrò. Àtìgbà náà ni Kẹ́hìndé ti ń sọ pé òun tóun jẹ́ ẹ̀gbọ́n lòun wá ń sùn nísàlẹ̀.

Mo fẹ́ kí wọ́n di ẹyọ kan tí kò ní rìn, tí kò ní ní kòtò, ṣùgbọ́n kó ṣeé tú ká nígbà táwọn ọmọ bá dé. Káfíńtà àdúgbò wa ní òun á kan ìṣó mọ́ ọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ọkàn mi ò gbà á.

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀

Màmá, kí lẹ ń fi gbogbo ìyẹn da ara yín láàmú sí? Ẹ gbé fóòmù méjèèjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ kì í rìn.

Ìyá Ìbejì Ọjọ́ọ̀

Mo ní orúnkún ń dùn wọ́n, ìwọ ní kí wọ́n máa dìde látilẹ̀. O kú ọgbọ́n, ọmọ mi.

Káfíńtà Bódìjà

Ẹ kú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ má jẹ́ kó kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó kì í dúró lára ohun tó bá ń mì. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń yíra padà lóru, bẹ́ẹ̀ ni ìṣó á máa fẹ ihò rẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi máa dún. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tú u, pákó á ya. Bóòtì onínọ́ọ̀tì lẹ máa lò.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi wo nǹkan kan. Ẹ ti bẹ́ẹ̀dì méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ kó fóòmù kúrò, kẹ́ ẹ wo àárín wọn látòkè. Bó bá jẹ́ bí àwa ṣe máa ń kàn án ni, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nípọn ju pákó ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ á ti kanra, àyè á ṣì wà láàárín pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń ṣì í. Wọ́n á lu ihò, wọ́n á ki bóòtì bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi spánà fún un títí, pákó ẹ̀gbẹ́ á tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Bó bá ti tẹ̀, àwọn pákó ìdábùú tó gbé fóòmù á máa yọ kúrò níbi tí wọ́n gbé orí lé. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀yin àti fóòmù ẹ ó jọ bára yín nílẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lu ihò, ẹ wá pákó pẹlẹbẹ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àyè yẹn, ẹ há a síbi tí bóòtì máa gbà kọjá. Bóòtì mẹ́ta ti tó, ọ̀kan lápá orí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lápá ẹsẹ̀. Ẹ fi wáṣà sí ojú méjèèjì kí irin má baà jẹ wọnú pákó.

Ti gíga, ẹ má gé ti Táyé o! Ti Kẹ́hìndé ni kẹ́ ẹ fi kún. Àjákù ìrókò tàbí igi apá wà lọ́jà pákó Bódìjà, ẹ ò ní náwó púpọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fún yín ní arère, ẹ dá a padà. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì á máa rì wọ̀ ọ́. Kí wọ́n gé e sí mẹ́rin ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti súkúrúù dè é mọ́ ọn látìsàlẹ̀. Ẹlòmíì á ní kò pọn dandan, pé bóòtì ti gbé e dúró. Irọ́ ni. Iṣẹ́ bóòtì ni kó má jẹ́ kí wọ́n pínyà. Ilẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún bóòtì.

Nítorí táìsì yẹn, ẹ gé rọ́bà taya ògbólógbòó, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí, kí gíga má baà tún yàtọ̀.

Bàbá Fóòmù

Ọ̀gá káfíńtà ti tán ti pákó. Àmọ́ fóòmù ló gbé ìyá yìí mì, kì í ṣe pákó. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fi irin jó bẹ́ẹ̀dì méjèèjì pọ̀, fóòmù á ṣì máa sún kúrò lára ara wọn, torí ara èèyàn ló ń tì wọ́n.

Ẹ di wọ́n ní bẹ́líìtì yípo, irú èyí táwọn onímọ́tò fi ń di ẹrù, tó ní ohun tí wọ́n fi ń fún un. Bí fóòmù yín bá jẹ́ íǹṣì mẹ́jọ, ẹ ṣírò rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, íǹṣì mẹ́jọ lọ́tùn-ún, mẹ́jọ lósì. Ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 4 nìyẹn, kẹ́ ẹ tó ka èyí tẹ́ ẹ máa fi sorí. Bẹ́ ẹ bá ra ẹlẹ́sẹ̀ 10 ẹ ó padà lọ ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníǹṣì méjì, síìsì-báì-síìsì, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ lé méjèèjì lórí. Òun ló ń bo ojú oríkèé yẹn.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Mẹ́ta àti mẹ́ta, mẹ́fà ni. Gígùn bẹ́ẹ̀dì náà, mẹ́fà ni. Ojú rẹ̀ dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ lè fi fóòmù dábùú, kí ọ̀kan wà lápá orí, kí èkejì wà lápá ẹsẹ̀. Kò ní sí kòtò láàárín ẹ̀yin méjèèjì mọ́.

Ìyá Ìbejì Ọjọ́ọ̀

Bàbá Fóòmù, mo dúpẹ́. Mo sáré lọ dán ti ìdábùú wò kí n tó ka tiyín tán. Òótọ́ ni pé kòtò ò sí láàárín èèyàn méjì mọ́. Ó ti wá sábẹ́ ìdí mi! Ibi tí ara wúwo sí jù ni oríkèé fóòmù bọ́ sí. Ọmọdé lè sun ún, àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn ò gbọdọ̀ tún máa fi ìbàdí wá ibi tó tẹ́jú lóru. Mo ti dá wọn padà.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn àgbà dìde lóru, nítorí náà tèmi ò kan bóòtì.

Ẹ ti bẹ́ẹ̀dì náà mọ́ ògiri lápá kan. Ẹ̀yin lẹ máa sùn sídìí ògiri, màmá á sùn sí etí ìta. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àgbà sídìí ògiri kó má baà ṣubú, wọ́n á gbàgbé pé tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, á gun èèyàn kọjá lórí orúnkún tó ń dùn ún.

Ẹ ṣọ́ gíga rẹ̀ náà. Íǹṣì méjì ti Bàbá Fóòmù, àti rọ́bà ọ̀gá káfíńtà, gbogbo rẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Kí màmá jókòó sí etí rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ìbàdí bá fi díẹ̀ ga ju orúnkún lọ, ó dáa, ìdìde á rọrùn fún wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì lókè, ó ti ga jù. Ẹ kó ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kékeré kúrò níwájú bẹ́ẹ̀dì, torí wọ́n máa ń yọ̀ lórí táìsì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí iná kékeré kan máa tàn.

Ẹlòmíì tó ń ka èyí tó ní ọmọ ọwọ́: ẹ má tẹ́ ọmọ ọwọ́ sórí irú bẹ́ẹ̀dì báyìí rárá. Àlàfo tí àgbàlagbà kàn máa fi apá bọ̀, orí ọmọ lè há síbẹ̀ kó má lè mí. Ẹ jẹ́ kó ní ibùsùn tiẹ̀, kó le, kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Ìyá Àdùnní

Ẹ yẹ ojú ibi tí pákó méjèèjì ti máa pàdé wò fún ìdun kẹ́ ẹ tó dì í pa. Mi ò ní sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọjọ́ọ̀

Mo ti dé o. Màmá ti lo òru mẹ́rin lórí rẹ̀.

Ọ̀gá káfíńtà, bẹ́ ẹ ṣe wí ló rí. Mo kó fóòmù kúrò, ẹsẹ̀ kanra, àyè tó tó íǹṣì kan sì wà láàárín pákó ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo fi han káfíńtà àdúgbò wa, ó dákẹ́, ó ní òun náà ti rí i tẹ́lẹ̀. Mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló lu ihò, tó sì fi ìrókò sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Kẹ́hìndé. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi arère tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, mo ní mo ti ra tèmi ní Bódìjà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ìdun ò sí, àmọ́ mo rí péènì mẹ́ta àti ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan tí wọ́n torí ẹ̀ na Táyé ní JSS 2.

Ti bẹ́lìítì, mo ṣe ahun. Ọ̀já tí mo fi pọn àwọn ìbejì ṣì wà nínú àpótí, mo so mẹ́ta pọ̀, mo fi di fóòmù. Kò dé ọjọ́ kejì tó fi tú. Mo padà ra tàwọn onímọ́tò. Fóòmù oníǹṣì méjì náà, Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á, a dì í sórí Máíkírà, nígbà tá a dé Àgbọ̀wọ́ atẹ́gùn ń gbé e lẹ̀bẹ̀lẹ̀bẹ̀, dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ kan sí wíńdò dì í mú títí dé Ọjọ́ọ̀. Kò yé mi bó ṣe ń yí jíà.

Màmá mi jókòó sí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní èyí tóbi ju bẹ́ẹ̀dì onírin tí bàbá wa rà, èyí tí omi Ògùnpa gbé lọ ní 1980, tí wọ́n ń wá a dé Mọ́lété lẹ́yìn omíyalé. Àwa ọmọ ti gbọ́ ìtàn bẹ́ẹ̀dì yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, àmọ́ wọ́n ò fi ìkankan wé e rí. Ìyẹn tó mi.

Kẹ́hìndé pe mí lánàá, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n ti gbé tòun dọ́gba pẹ̀lú ti Táyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n yọ ìrókò yẹn tí wọ́n bá tú u o.

Káfíńtà Bódìjà

Ẹ kú àṣeyọrí, Ìyá Ìbejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún fún bóòtì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, pákó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wáṣà. Spánà nọ́ńbà mélòó ni wọ́n lò?

Ìyá Ìbejì Ọjọ́ọ̀

13. Mo ti so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.