Ìṣòro ni wọ́n pààrọ̀, àbí ìbéèrè?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹnì kan nínú wa ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá ti bá ìṣòro kan wọ̀yá ìjà títí tí apá ò ká a, tí ẹnì kan wá ní bóyá bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ gan-an ni kò dáa, tó gbé e kalẹ̀ lọ́nà mìíràn, tí ojútùú sì yọ. Wọ́n ti dábàá "àtúntò ìṣòro". Ẹlòmíràn mú "àtúntúmọ̀ ìṣòro" wá. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí la tún ń dá orúkọ sí, ṣebí àwọn baba wa ti ní ọ̀nà kan ò wọjà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Òwe náà dùn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń wí ló ń wí. Ẹni tó ní ọ̀nà kan ò wọjà ti gbà pé ọjà lòun ń lọ. Ọ̀nà nìkan ló ń yàn. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ọjà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ta ló ní ibẹ̀ ló yẹ ká máa lọ?

Ká má baà máa sọ̀rọ̀ lófìfo, ẹ jẹ́ ká gbé e ka sòbìà.

Àwọn tó dàgbà ní Ìbàràpá kò nílò àlàyé. Aràn tó lè gùn tó mítà kan ni. Ibi tó bá ti fẹ́ yọ, tó sì sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ lé ròrò, á máa ta bí iná, ẹni tó ń ṣe á sì wọ́ ẹsẹ̀ dé odò kí omi lè tù ú lára. Títí di òní, kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Wọ́n á we orí aràn náà mọ́ igi tín-ín-rín, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ẹran ara. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ oko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ẹ wá wo ohun tí kálukú ń bi ara rẹ̀. Dókítà ń béèrè pé, oògùn wo ló máa pa aràn yìí lára èèyàn? Kò rí i. Ìjọba ń béèrè pé, báwo la ṣe máa gbé omi tó mọ́ dé gbogbo abúlé? Ìbéèrè gidi nìyẹn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya ọdún mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún un, 1981 sí 1990. Owó rẹ̀ ló ju agbára lọ, kànga ẹ̀rọ tí wọ́n sì gbẹ́, ẹ mọ bí tiwa ṣe máa ń rí tó bá bàjẹ́. Ará abúlé kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ gbà pé sòbìà wà lára gbogbo èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, bí iṣan ṣe wà níbẹ̀, pé tẹni tó bá wù ú ló kàn ń yọ síta. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn tó ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè, ìlú kan ní Ìbàràpá, bá ìgbàgbọ́ yìí pàdé dáadáa. Ohun tí wọ́n bá bí mọ́ni, ta ni yóò ní òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè tó wá ṣiṣẹ́ kò sí lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni pé: níbo gan-an ni aràn yìí ti ń kúrò lára ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíràn, ibo ló sì rọrùn jù láti dí? Nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń ta bá wọ odò, aràn á tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sómi. Kòkòrò omi kan tó kéré bí èérún á gbé wọn mì. Èèyàn á bu omi náà mu tòun ti kòkòrò. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí sòbìà tó yọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú kan odò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ náílọ́nù tí ojú rẹ̀ há, tí a ta sẹ́nu ìkòkò, ti tó láti dá kòkòrò yẹn dúró. Ní Ìdèrè, télọ̀ ló ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló ń tà á. Ẹni tí sòbìà bá sì ń yọ lára rẹ̀, kí wọ́n bu omi fún un lójúlé, kó fi tu ẹsẹ̀ níbẹ̀, kó má dé odò. Ibi tó bá tún le, wọ́n á da oògùn tó ń pa kòkòrò omi sínú adágún.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló kù, ó sì pọ̀: ojúlé dé ojúlé, ọdún dé ọdún, tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń ti gómìnà àti ọba lẹ́yìn kí wọ́n má sinmi. Sòbìà tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà yọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n tún tò níbẹ̀? Ohun tí a bá tún tò, bíi ìjókòó àbí ìwé, kò ju ohun tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, ipò ló yàtọ̀. Ní ti "àtúntúmọ̀", ẹni tó ń túmọ̀ ti gbà pé ìtumọ̀ kan ti wà nínú nǹkan náà tí òun ń tú jáde, bíi ti àlá. Sòbìà kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ó ń ta bó ṣe ń ta láyé baba wa.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ó yẹ ká tètè gbé ìgbésẹ̀, wọ́n ní bí sòbìà bá máa degbò, olúgànbe là á ké sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni òwe yẹn ṣì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìkòkò ni ìbéèrè tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí ni mo fi ń sọ pé orí "ìbéèrè" ló yẹ kí orúkọ náà dúró, kò yẹ kó dúró lórí "ìṣòro". A máa ń kojú ìṣòro, a máa ń borí ìṣòro, a máa ń gba ìṣòro mọ́ra. Ẹni tó bá ní òun pààrọ̀ ìṣòro, ẹ bá mi kí i pẹ̀lẹ́, òmíràn ló rà yẹn.

Arábìnrin kan ti ta ko èyí ṣáájú. Ó ní ẹni tí sòbìà ń jẹ lẹ́sẹ̀ kì í béèrè nǹkan kan, ìrora ló mọ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká da àwọn méjèèjì pọ̀: ẹni tó ń jẹ̀rora ló ni ìṣòro, ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ ló ni ìbéèrè. Ti ẹnì kejì yìí nìkan ló ṣeé yí.

Mo ti kọ́kọ́ ń rò ó bóyá ká lo "àtúnbéèrè", mo wá rí i pé "àtún" kì í ṣe ohun kan náà lẹ́nu gbogbo wa. Àtúnkọ lè jẹ́ ọ̀tọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àtúnsọ, ohun tá a ti sọ náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ "àtúnbéèrè" lè rò pé wọn ò gbọ́ wa nígbà àkọ́kọ́ ni. "Àtúnbi" ńkọ́? Àwọn oníwàásù ti fi "àtúnbí" gba ibẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká bá wọn du àmì ohùn.

"Ìpààrọ̀ ìbéèrè" ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ti wà lẹ́nu tẹ́lẹ̀: wọ́n pààrọ̀ ìbéèrè. Ìyá tó ń ta ata kò ní bi wá pé kí ló jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chad. Láti 2012 ni wọ́n ti ń rí sòbìà lára ajá níbẹ̀, nígbà tó yá ti ajá wá pọ̀ ju ti èèyàn lọ fíìfíì. Èmi á sọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí sòbìà wọ ara ajá ní Chad, wọ́n tún pààrọ̀ ìbéèrè: dípò ohun tí èèyàn ń mu nìkan, wọ́n ń béèrè ohun tí ajá ń jẹ. Wọ́n ní kí àwọn apẹja máa ri ìfun ẹja mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì so ajá mọ́lẹ̀. Ní 2023, èèyàn 14 péré ló ní in ní gbogbo ayé." Kí àwọn tó fẹ́ "àtúntò ìṣòro" àti àwọn tó fẹ́ "àtúntúmọ̀" fi tiwọn kọ gbólóhùn kan náà, ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká kà á sókè.