Àkópọ̀ rùtẹ́níọ́mù méjì tí àwọ̀ wọn jọra: kí ló fà á tí ọ̀kan fi ń tàn tí èkejì kò tàn?

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísírì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Mo pèsè àkópọ̀ rùtẹ́níọ́mù méjì. Nínú èkínní, lígáńdì (mólékù tó di irin mú) mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ bipyridine, alápá méjì, ni ó yí irin náà ká. Nínú èkejì, lígáńdì terpyridine méjì, alápá mẹ́ta, ni. Náítírójìn mẹ́fà ló di rùtẹ́níọ́mù mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí mo yọ́ wọn sínú olómi acetonitrile, àwọn méjèèjì pupa rúsúrúsú: ti bipyridine ń gba ìmọ́lẹ̀ mu jù lọ ní 452 nánómítà (nm), ti terpyridine ní nǹkan bí 475 nm. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé wọn sábẹ́ iná ultraviolet nínú òkùnkùn, ti bipyridine tàn yòò, ti terpyridine kò sì tàn rárá. Mo rò pé ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́, mo tún un pèsè, mo fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, síbẹ̀ kò yí padà.

Ohun kejì tó ń dà mí láàmú ni cyclic voltammetry, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń yí fólítì lọ yí i bọ̀ láti rí ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń kúrò tàbí tí ó ti ń wọlé. Fólítì tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń kúrò lára rùtẹ́níọ́mù jẹ́ nǹkan bí +0.89 V nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìwé tí mo kà sọ pé +1.29 V ni ti bipyridine. Ferrocene, àkópọ̀ kan tí a máa ń pe fólítì rẹ̀ ní òdo, ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Bí àwọ̀ wọn bá jọra, tí fólítì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Olùwọ̀nFólítì:

Ẹ kò ṣì í. Fólítì kì í dá dúró, àárín ohun méjì ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀lẹ́kítíróòdù calomel, òdiwọ̀n mìíràn tí a fi mẹ́kúrì ṣe, ni ìwé yẹn lò, ẹ̀yin sì lo ferrocene, èyí tí ó fi nǹkan bí 0.40 V ga ju calomel lọ nínú acetonitrile. Ẹ fi 0.40 kún 0.89, yóò fún yín ní 1.29 gan-an. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí iye fólítì nínú ìwé tí a kò kọ orúkọ òdiwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí irú iye bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìmọ́lẹ̀ÀtiIrin:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, nítorí òun ni ó jinlẹ̀ jù.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ 452 nm bá kan àkópọ̀ bipyridine, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan máa ń kúrò lára rùtẹ́níọ́mù, á sì bọ́ sórí lígáńdì. Àwọ̀ tí ẹ rí wá láti inú ìrìn-àjò yìí. Ohun kan náà ni cyclic voltammetry ń fi hàn ní ìpín méjì: ní apá rere, ara irin ni ẹ ti ń yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ní apá òdì, orí lígáńdì ni ẹ ń gbé e sí. Ìdí nìyí tí ti bipyridine fi ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, ní −1.33, −1.52 àti −1.78 V sí calomel, ọ̀kan fún lígáńdì kọ̀ọ̀kan. Ti terpyridine ní lígáńdì méjì, nítorí náà ẹ ó rí méjì, ní nǹkan bí −1.24 àti −1.49 V. Àwọ̀ àti fólítì ń sọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti kúrò àti ibi tí ó dé. Wọn kò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Kí ìmọ́lẹ̀ tó lè jáde, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ní láti dúró sórí lígáńdì fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ mìíràn wà fún un: ó lè bọ́ sí ipò kan lára irin fúnra rẹ̀, èyí tí ó kọjú sí àwọn náítírójìn tààrà. Bí ó bá débẹ̀, ìdè tó wà láàárín irin àti náítírójìn á gùn sí i, agbára náà á sì di ooru láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan. Nínú ti bipyridine, ipò yẹn ga díẹ̀, kò sì rọrùn láti gùn, ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń lo ohun tó lé ní 800 nánósẹ́kọ́ǹdì (ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan sẹ́kọ́ǹdì) nínú acetonitrile tí kò ní ọ́síjìn. Nínú ti terpyridine, náítírójìn méjì tó wà ní ìkángun lígáńdì kan náà yẹ kí wọ́n dojú kọ ara wọn ní 180°, ṣùgbọ́n nǹkan bí 158° péré ni apá wọn lè nà dé. Wọn kò lè kojú ipò irin náà dáadáa, ipò náà á wá sílẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì sá gba ibẹ̀ láàárín nǹkan bí 0.25 nánósẹ́kọ́ǹdì. Ìyàtọ̀ igun lásán ló gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ó wú mi lórí gidigidi nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀, ó sì ń wú mi lórí títí di òní.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísírì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé ọ̀nà wà tí mo fi lè fojú ara mi rí i pé bí ó ti rí nìyẹn? Mo sì ṣàkíyèsí pé nígbà tí mo fẹ́ gáàsì argon sínú ti bipyridine, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ohun tí mo ń lépa ni kí n fi ìmọ́lẹ̀ gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún mólékù mìíràn.

Ìmọ́lẹ̀ÀtiIrin:

Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń gba agbára náà kí ó tó di ìmọ́lẹ̀. Argon lé e jáde. Ẹ máa lé e jáde nígbà gbogbo kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Ní ti ẹ̀rí, ẹ mú ti terpyridine dì nínú náítírójìn olómi, ní 77 K (nǹkan bí −196 °C). Ooru tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń gun ọ̀nà àbáyọ náà kò ní sí mọ́, àkópọ̀ náà yóò sì tàn ní nǹkan bí 600 nm fún bí máíkírósẹ́kọ́ǹdì 11 (máíkírósẹ́kọ́ǹdì kan jẹ́ 1,000 nánósẹ́kọ́ǹdì).

Fún ohun tí ẹ ń lépa, ẹ ṣírò fólítì ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Agbára tí ti bipyridine fi pamọ́ tó 2.1 eV (agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ní fún 2.1 V), ẹ yọ ọ́ kúrò nínú +1.29, ẹ ó rí −0.81 V, ìyẹn agbára rẹ̀ láti fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún mólékù mìíràn. Ẹ fi 2.1 náà kún −1.33, ẹ ó rí +0.77 V, agbára rẹ̀ láti gba ọ̀kan. Ìṣirò kan náà lè dára fún terpyridine, ṣùgbọ́n mólékù kejì kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú olómi kí 0.25 nánósẹ́kọ́ǹdì tó pé.

Olùwọ̀nFólítì:

Mo fi ọ̀kan kún un. Bí ẹ bá fẹ́ lígáńdì alápá mẹ́ta dandan, ẹ wo èyí tí a fi quinoline méjì so mọ́ pyridine kan ní àárín (àwọn méjèèjì jẹ́ mólékù olóòrùka tó ní náítírójìn). Apá rẹ̀ gùn sí i, náítírójìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ara wọn ní 180°, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń dúró fún nǹkan bí máíkírósẹ́kọ́ǹdì 3 láìsí pé a mú un dì.

Akẹ́kọ̀ọ́Kẹ́mísírì:

Náítírójìn olómi wà ní láàbù wa. Èmi yóò mú ti terpyridine dì kí n tó pinnu lórí lígáńdì tuntun.