Owó ọ̀dá LFP: báwo lẹ ṣe ń pín màlúù sórí pápá háyà tó bọ́ sí káúńtì méjì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ LFP, ètò ìrànwọ́ tí USDA (ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà) ń ṣe fún àwọn tó ń sin màlúù nígbà ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí èyí. Texas ni ilẹ̀ wà. Màlúù 80, pápá 2,000 éékà, háyà ni gbogbo rẹ̀: 1,200 wà ní káúńtì àkọ́kọ́, 800 ní ìkejì.

Máàpù ọ̀dá fi àkọ́kọ́ sí D3 (ọ̀dá tó le gan-an) fún ọ̀sẹ̀ kan péré lásìkò ìjẹko, owó oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ìkejì dé D4 (ìpele tó le jù) fún ọ̀sẹ̀ kan, oṣù mẹ́rin. Èyí yé wa: káúńtì tí koríko wà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹni tó ni màlúù ń gbé.

Iye màlúù ló le. 60% ni wọ́n ń san, lórí èyí tó bá kéré jù: owó oúnjẹ màlúù, àbí ohun tí ilẹ̀ lè bọ́. Bí màlúù kan bá ń gba 40 éékà, 50 péré ni ilẹ̀ yìí gbà. 30 yòókù ń jẹko lásán nìyẹn, lójú ìjọba.

Ṣé bí éékà ṣe rí ni ká pín 80 náà, àbí ibi tí wọ́n ti jẹko gan-an?

Ẹnu lásán ni wọ́n sì fi ṣe àdéhùn háyà. Fọ́ọ̀mù CCC-853, tí wọ́n fi ń béèrè owó náà, ti wà nílẹ̀, ẹ̀rí pé màlúù wà lọ́wọ́ láàárín 60 ọjọ́ tó ṣáájú ọ̀dá náà wà. Ǹjẹ́ rìsíìtì háyà àti ìwé tí onílẹ̀ fọwọ́ sí yóò tó fún ọ́fíìsì FSA, ẹ̀ka USDA tó ń bójú tó ètò yìí?