Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà: kí lẹ máa wò tẹ́ ẹ bá ṣàbẹ̀wò sí yunifásítì?

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rí. Yunifásítì ìjọba tó tóbi lè gba ọmọ wọlé, kó má sì tíì fún un ní ẹ̀ka tó wù ú. Ọmọ á ti kó ẹrù dé, òbí á ti san owó àlejò (iye tí ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ń san), ọdún kan á kọjá, wọ́n á wá ní ẹ̀ka tó ń fẹ́ ti kún. Nítorí náà, tí ẹ bá ti dé ọgbà iléèwé, ẹnu ọ̀nà kejì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ìlànà wọn ò dọ́gba rárá. Ní Purdue, ní Indiana, inú First-Year Engineering ni àwọn tó wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń pín sí ẹ̀ka. Ní Texas A&M, ETAM (Entry to a Major, ìlànà wíwọ ẹ̀ka) ni wọ́n ń pe tiwọn. Ẹni tí GPA (ìpíndọ́gba máàkì) rẹ̀ bá tó 3.75 nínú 4.0, tó sì ti ṣe àwọn iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀, ẹ̀ka tó fi ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fún un. Ẹni tí tiẹ̀ bá dín, ó di kó máa bá àwọn yòókù du àyè tó ṣẹ́kù. Ní Illinois, ní Urbana-Champaign, ẹ̀ka gan-an ni ọmọ máa kọ sínú fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun á gba ẹ̀ka mìíràn wọlé, kí òun tó rọra yí sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ọ̀nà yẹn há gan-an.

Ẹ má bèèrè pé "Ṣé ó rọrùn láti wọ ẹ̀ka yìí?" Wọ́n á ní ó rọrùn tí ọmọ bá tẹpá mọ́ṣẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á sì parí sí. Ẹ bèèrè báyìí: "Lọ́dún tó kọjá, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó fi Mechanical ṣe àkọ́kọ́, mélòó ló rí i gbà? GPA mélòó ni ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ní?" Olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kí ẹ bi. Ọmọ iléèwé tó ń mú àlejò rìn kiri lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tàbí ti okòwò, kò sì jẹ̀bi tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yìí, ẹ bá wa fi tiyín kún un.

Ìdáhùn 1

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni tèmi, torí ọjọ́ tí kò dáa ló ń ba àbẹ̀wò jẹ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa forúkọ sílẹ̀. Àbẹ̀wò gbogboogbò wà lọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ ìsọfúnni bíi wákàtí kan, ìrìn bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú, àyè tibẹ̀ kéré, ó sì máa ń tètè kún. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún àkọ́kọ́ nìkan máa rí ilé ìkàwé àti ilé oúnjẹ, á sì padà sílé láìfojú kan yàrá ìṣiṣẹ́ kankan. Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ mú ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ti gbogboogbò tó bá a mu lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì o. Ní Yunifásítì Michigan, ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní North Campus, ibi tí wọ́n ti ń kí àlejò káàbọ̀ sì wà lápá Central Campus. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń gbéni láàrin méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sáàrin máa pẹ́ dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí kíláàsì ń lọ, ló dáa jù. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi inú oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving (ìsinmi ìdúpẹ́ wọn ní ìparí oṣù Kọkànlá), àti àsìkò ìdánwò ní oṣù Kejìlá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, ni ọ̀pọ̀ òbí ń rí àyè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yàrá á ṣófo, ẹ ò ní rí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ máa bi léèrè. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé, ẹ má dán an wò. Sítádíọ̀mù Michigan nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 107,000. Hòtẹ́ẹ̀lì á wọ́n bí ojú, wọ́n á sì ti gba ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ bọ́ọ̀lù wọn ná.

Ẹni tó bá ti Chicago wakọ̀ lọ sí Purdue, aago ibẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú ti Chicago. Ìrìn bíi wákàtí méjì máa dà bíi mẹ́ta lójú aago. Ẹni tó ń lọ sí Georgia Tech kò nílò mọ́tò: ọkọ̀ ojú irin MARTA ń gbéni láti pápákọ̀ òfurufú Atlanta dé ibùdó North Avenue, ẹsẹ̀ lẹ máa fi dé iléèwé láti ibẹ̀.

Ìdáhùn 2

Kẹ́ ẹ tó ná owó ọkọ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó iléèwé.

Láti ọdún 2013 ni Purdue ti di owó iléèwé mú lójú kan: onílé (ọmọ ìpínlẹ̀ náà) ń san nǹkan bíi $10,000 lọ́dún, àlejò ń san nǹkan bíi $29,000. Owó àfikún ti ìmọ̀ ẹ̀rọ kò sí nínú iye yẹn, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé àti oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ló ń gba irú àfikún bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì lè má hàn lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ bèèrè fún àròpọ̀ ọdún mẹ́rin, kì í ṣe ti ọdún kan.

Ìrètí tó ń tan òbí jẹ jù ni pé tí ọmọ bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan, á di onílé. Lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè oṣù méjìlá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló gbé ọmọ wá, tí òbí tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ sì ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn kì í sábàá ka oṣù yẹn sí. Ẹ má gbé ìṣirò yín lé e.

Àwọn ọ̀nà tó wà nìyí. Àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ní ètò WUE (Western Undergraduate Exchange): àlejò kì í san ju ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí onílé ń san. Bí onílé bá ń san $12,000, tiyín ò ní kọjá $18,000. Ti àwọn ìpínlẹ̀ àárín gbùngbùn, MSEP (Midwest Student Exchange Program), fara jọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iléèwé ló wà níbẹ̀, iléèwé tó wà níbẹ̀ sì lè yọ ìmọ̀ ẹ̀rọ kúrò, nítorí náà orúkọ ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe orúkọ iléèwé. Ní Texas, sikọ́láṣíìpù tí wọ́n díje fún, tó bá tó $1,000 ó kéré tán, lè jẹ́ kí àlejò san owó onílé. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀ ni pé: ṣé ọdún kan ni, àbí mẹ́rin, GPA mélòó ni ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní kó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọdún kìíní ìmọ̀ ẹ̀rọ le. Ọmọ tó ń gba A nílé lè gba C nínú Calculus, sikọ́láṣíìpù á sì lọ.

Ìdáhùn 3

Mo fara mọ́ ọn, pàápàá ti Calculus. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ jókòó sí kíláàsì kan. Gbọ̀ngàn lè gba ọmọ 200 sí 300, ọ̀jọ̀gbọ́n á wà lókèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ló máa kọ́ wọn ní ìsọ̀rí kéékèèké. Ẹ bi àwọn ọmọ ibẹ̀ ibi tí wọ́n ń sá sí tí iṣẹ́ bá rú wọn lójú lálẹ́, àti iye ìgbà tí ibẹ̀ ń ṣí láàrin ọ̀sẹ̀.

Ère Neil Armstrong wà níwájú ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Purdue, ibẹ̀ ló ti gba dìgírì lọ́dún 1955. Ẹ ya fọ́tò yín. Àmọ́ lẹ́yìn fọ́tò, ẹ wá yàrá tí àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Invention Studio ti Georgia Tech jẹ́ ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń bójú tó o. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wo garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ ike (3D printer). Tí iṣẹ́ tó bàjẹ́ bá kún inú rẹ̀, okùn ike wíwe àti ohun tó ṣí kúrò lórí àwo kó tó parí, àwọn ọmọ ń lo ẹ̀rọ yẹn nìyẹn. Tó bá mọ́ tónítóní, tí gíláàsì sì yí ẹ̀rọ ká, ẹ bèèrè ọdún tí ọmọ máa dé kí wọ́n tó gbà á láyè láti fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí ibi tí ẹgbẹ́ Formula SAE tàbí Baja (àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kan mọ́tò fún ìdíje) ti ń jó irin mọ́tò wọn. Ìgbà yẹn ni èèyàn máa ń wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ọmọ ọdún kìíní. Ẹni tó bá dáhùn pé "ó ń gbálẹ̀, ó ń wòran" ti là yín lóye.

Ohun kékeré kan: ABET, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kì í fọwọ́ sí odidi iléèwé, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ sí. Ẹ wá orúkọ ẹ̀ka ọmọ yín lójú ewé wọn.

Ìdáhùn 4

Àfikún ránpẹ́ fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ìrìn-àjò. Iléèwé kan ń ka àbẹ̀wò sí tó bá ń gba ọmọ wọlé, òmíràn ò kà á sí rárá. Ẹ ṣí Common Data Set iléèwé náà (ìwé ìsọfúnni tí iléèwé ń gbé jáde lọ́dọọdún), ẹ lọ sí ìsọ̀rí C7, ẹ wo ìlà tó sọ nípa ìfẹ́ tí ọmọ fi hàn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò kà á sí, ẹ fi owó pa mọ́ di ìgbà tí wọ́n bá ti gba ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá lọ, kí ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tó pé, tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń retí ìdáhùn. Ẹ mú lẹ́tà sikọ́láṣíìpù dání, kẹ́ ẹ sì ti bá olùdámọ̀ràn dá ọjọ́ ṣáájú.