Ìbọn ọdẹ mi ti parí: ohun tí mo yàn nígbẹ̀yìn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó rántí pé mo bèèrè irú ọ̀pá ìbọn, ìdí ìbọn (ibi tí à ń gbé ti èjìká) àti awò ìfojúsùn tí ó yẹ kí n tò mọ́ ìbọn Remington 700 mi.

Ìbọn tó ń lo irú ọta tí wọ́n ń pè ní .308 Winchester ni mo dúró lé. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn kì í tètè gbé ọta 6.5 Creedmoor tí àwọn kan dá lábàá, ṣùgbọ́n n kì í yìnbọn sí ẹran tó bá jìnnà ju 200 yáàdì lọ. Ọ̀pá ìbọn náà gùn ní ínǹṣì 22.

Ìdí ìbọn ló gbà mí lákòókò jù. Mo fẹ́ràn igi gan-an, ẹwà rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Àmọ́ igi a máa fa omi mu, a sì máa wú. Bó bá ti ń ti ọ̀pá ìbọn báyìí, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mo wá mú èyí tí wọ́n fi fiberglass ṣe, ìyẹn okùn dígí tí wọ́n fi oje lẹ̀ pọ̀. Ọ̀pá náà kò kan án níbì kankan báyìí, bébà ń kọjá láàárín wọn fàlàlà.

Awò 3-9x40 ti tó, ìyẹn èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 40.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ibi tí ìka ń fà má fúyẹ́ jù, ẹ ṣeun púpọ̀. Nínú òtútù, ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára.

Lánàá, ọta mẹ́ta wọ ibi tí kò fẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ ní 100 yáàdì. Inú mi dùn gidigidi. Ìbéèrè mi ti parí.